Ẹ má jẹ́ kí bánjò bàbá yìí dákẹ́

Inú mi dùn sí bàbá tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí, tó ń fi bánjò, ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá, kọ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ní orin àwọn òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ fò ó pé àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé ọgbọ́n bánjò dé Amẹ́ríkà. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń ta okùn bánjò: èékánná ló fi ń gbá okùn gígùn, àtàǹpàkò ló fi ń ta èyí tó kúrú. Báyìí gan-an làwọn Jola, ẹ̀yà kan ní Senegal àti Gambia, ṣe ń ta akonting, ohun èlò orin olókùn tiwọn, títí dòní! Ojúkojú ni wọ́n ń kọ́ irú ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí ìjọba ìlú bàbá yìí tètè sanwó fún un kó lè máa kọ́ wọn o, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le.