Ọmọ IT náà nílò ọ̀gá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará Kabba, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, nílé lóko. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Bí àwọn ọmọ yunifásítì àti pólì ṣe tún ń gbé lẹ́tà IT kiri ìgboro Kabba báyìí, ìyẹn lẹ́tà tí ilé ìwé fi ń rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ níbi iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ jáde.

Èrò tèmi ni pé ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá máa ń mọ iṣẹ́ ju ọmọ tó lọ ṣe IT lọ. Ẹ lè ní torí pé ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ìyẹn wà ńbẹ̀, àmọ́ ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ẹnì kan ti jókòó níwájú ẹbí rẹ̀, ó sì ti gbà pé òun yóò kọ́ ọ. Ọmọ IT ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo gba ọ̀nà méjèèjì kọjá. Sọ́ọ̀bù oníwáyà ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó wọ pólì, nígbà tó yá wọ́n ní kí èmi náà lọ ṣe IT. Lónìí, sólà àti ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ni mò ń ṣe. Mo ní ọmọ iṣẹ́, mo sì máa ń gba ọmọ IT mọ́ wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí. Bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ ló máa mú un wá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dá iye ọdún tó máa lò: 2 ni ti ẹlòmíràn, 3 ni ti ẹlòmíràn. Wọ́n á sọ owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, oníduro á fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti wọ gbèsè. Bí ọmọ náà bá ṣe fúrídọ́mù tán tí kò mọ nǹkan kan, orúkọ ọ̀gá ni gbogbo ìlú máa dá pé lágbájá ló kọ́ ọ. Ní ìlú bíi tiwa, tí kálukú mọ ilé ẹnì kejì rẹ̀, ìtìjú ńlá nìyẹn.

IT ńkọ́? Ọdún 1971 ni ìjọba dá ITF sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́. Ní 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń lọ ṣe IT, torí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé gíga mọ ìwé, wọn ò mọ ẹ̀rọ. Ètò tó dára ni, mi ò bú u. Oṣù 6 ni ọmọ ẹnjiníà ní yunifásítì ń lò, oṣù 4 ni ti ọmọ pólì, ẹni tó bá sì gba ND tán máa ń fi bí ọdún kan ṣiṣẹ́ kó tó padà lọ fún HND. Àkókò wà, lẹ́tà wà, fọ́ọ̀mù wà, lọ́gbúùkù tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sí náà wà. Ta wá ni ọ̀gá?

Ọmọ náà ló máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ibi tí yóò ti ṣe é. Ọmọ Ìsánlú tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ á kọ́kọ́ forí lé Obájáná, nítorí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà níbẹ̀. Àyè ibẹ̀ ò lè gba gbogbo ọmọ Kogí, ká má tíì sọ ti àwọn tó ń wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Bí kò bá ríbẹ̀, ó di ọ́fíìsì nìyẹn. Mo mọ ọmọ kan tó ń kọ́ nípa iná mànàmáná, ọ́fíìsì kan ló ti ṣe tirẹ̀. Fọ́tòkọ́pì ló ń ṣe, òun ló ń lọ ra oúnjẹ, bí gílóòbù bá jó, òun ni wọ́n ń pè. Nígbà tí súpáfáísọ̀ ilé ìwé fẹ́ wá, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló jókòó kọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ sínú lọ́gbúùkù. Bíírò mẹ́ta ló tò síwájú, dúdú kan, búlúù kan, àti búlúù kan tí yíǹkì rẹ̀ ti ń tán, kó lè jọ pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ọ́. Súpáfáísọ̀ dé, ó ṣí i gààràgà, ó fọwọ́ sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Orí rẹ̀ pé dáadáa, ohun tó jẹ́ kó dùn mí wọra nìyẹn.

Ti owó tún wà ńbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,500 lóṣù ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọmọ IT, ₦15,000 fún oṣù 6. Bí ọkọ̀ ṣe wọ́n tó yìí, owó oṣù kan yẹn kò lè gbé ọmọ lọ gbé e bọ̀ láàárín Kabba àti Obájáná fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rí ní sọ́ọ̀bù tèmi, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù.

A lọ gbé sólà sílé ẹnì kan ní Ìyàrá. Ọmọ IT tó bá wa lọ ti wà ní ipele 400. Orí ló fi ṣírò gbogbo rẹ̀: bátìrì 200Ah tó jẹ́ 12V, 2,400 watt-hour ni iná tó lè gbà sínú, torí pé bátìrì lẹ́ẹ̀dì ni, kò yẹ ká lò kọjá ìdajì, a jẹ́ pé 1,200 la ní lọ́wọ́. Ó gba gbogbo rẹ̀. Òun náà ló so wáyà mọ́ orí bátìrì. Iná tàn, onílé ń dúpẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi tó fi SS2 sílẹ̀ ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n tan fáànù àti tẹlifíṣọ̀n sí i, ó rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà náà nítòsí orí bátìrì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ti ń gbóná o." Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ò le tó. A pa á, a gbé sípánà, a fún un le. Ibi tí wáyà bá ti dẹ̀, ooru ló máa ń mú jáde, ooru yẹn á yọ́ orí bátìrì, ilé ò sì ní pẹ́ jó. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ yẹn pé kó fọwọ́ kàn án. Ó ti ń wò mí tí mò ń ṣe é ni.

Lọ́jọ́ mìíràn, oníbàárà kan fẹ́ fi fíríísà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga kún ohun tí ínfátà rẹ̀ ń gbé. Ọmọ iṣẹ́ mi ní yóò gbé e, ó ní ohun tí wọ́n kọ sára fíríísà náà ò pọ̀. Ọmọ IT ní rárá. Ó mú bébà, ó ṣàlàyé fún un pé ohunkóhun tó bá ní mọ́tò nínú, nígbà tó bá fẹ́ gbéra, iná tó máa ń fà á jẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí tó ń fà bó bá ti ń yí. Ọmọ iṣẹ́ mi la ẹnu sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí ínfátà tó ń pa ara rẹ̀ lójijì, ayédèrú ọjà ló máa ń pè é.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé kí ọmọ fi yunifásítì sílẹ̀ kó wá kọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbà fún òbí tó ń wí pé ọmọ òun tó ń kọ́ ẹnjiníà kì í ṣe ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Ṣebí ojú gbogbo wa ló ṣe lọ́dún 2022, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 Oṣù Kejì títí di 14 Oṣù Kẹwàá. Oṣù 8 gbáko. Àwọn ọmọ wa wálé, wọ́n wọ sọ́ọ̀bù wẹ́dà, ti télọ̀, ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Àwọn kan nínú wọn fi iṣẹ́ náà san owó ilé ìwé títí wọ́n fi jáde.

Mi ò ní torí èyí bo àléébù àwa ọ̀gá mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wà tó jẹ́ pé omi pípọn, aṣọ fífọ̀ àti gbígbé ọmọ lọ sílé ìwé ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa fi ọdún àkọ́kọ́ ṣe. Ọ̀gá wà tó jẹ́ pé tí iṣẹ́ bá ti kan ibi tó le, ìgbà yẹn gan-an ló máa rán ọmọ lọ ra nǹkan, kó má baà rí i. Ìwà ìkà ni. Ọmọ míì ti mọṣẹ́ tán, owó tí yóò fi ṣe fúrídọ́mù ni ò sí, ló bá ń sìn lọ. Àwọn òbí tó ní ọmọbìnrin sì ní ẹ̀tọ́ láti wádìí ọ̀gá dáadáa kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ní Jámánì, òfin ọdún 1969 ló de ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ máa ń lọ sílé ìwé bí ọjọ́ 1 tàbí 2 lọ́sẹ̀, ó ń lo ọjọ́ tó kù níbi iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ń sanwó fún un, ìwé àdéhùn sì wà. Èyí tó wù mí jù ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun mọ bí a ṣe ń kọ́ni, yàtọ̀ sí pé ó mọ iṣẹ́.

A lè bẹ̀rẹ̀ tiwa láìdúró de Abuja. Kí àwọn pólì àti yunifásítì tó wà nítòsí, Lọ́kọ́ja títí kan ibi yòówù tí àwọn ọmọ wa ti ń kàwé, gba òǹtẹ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá dáńgájíá. Kí ọ̀gá àti ọmọ IT kọ ìwé àdéhùn, kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ 3 tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ lè dá ṣe kí oṣù 6 tó pé. Nígbà tí súpáfáísọ̀ bá dé, kó pa lọ́gbúùkù dé, kó gbé mítà tí a fi ń wọn iná fún ọmọ náà, kó ní, "Wọn bátìrì yìí kí n rí i." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Mopa, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Ìyàrá, ẹ bá wa kọ orúkọ àwọn ọ̀gá tó ṣeé fọkàn tán nílùú yín sílẹ̀, kí ọmọ tó gbé lẹ́tà wá mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Ọmọ IT méjì ni mo fẹ́ gbà nígbà tí wọ́n bá tún dé. Mi ò gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí kálukú mú òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, a óò jókòó, a óò kọ ìwé bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́. Kí wọ́n ní mítà tiwọn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀.