Kì í ṣe gbogbo áàpù tí kò ti Play Store wá ló jẹ́ fáírọ́ọ̀sì

Ọ̀rẹ́ mi kan rí mi níbi tí mo ti ń fi fáìlì APK, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ń di áàpù Android sí, gbé áàpù kan sórí fóònù mi, ló bá figbe ta: "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́n àkáǹtì ẹ gbẹ ni? Ohun tí kò bá ti Play Store wá, fáírọ́ọ̀sì ni!" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹni tó mọ fóònù lò ń sọ ọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò náà ń sọ ọ́, àfi bí ẹni pé nǹkan kan wà lẹ́nu ọ̀nà Play Store tó ń wẹ áàpù mọ́ kó tó wọlé.

Ẹ wo iRecorder. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n gbé e sí Play Store, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa ká ohun tó bá ń lọ lójú fóònù sílẹ̀. Kò sí àbààwọ́n kankan lára rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde, kóòdù olè sì ti wà nínú ìyẹn. Áàpù náà wá ń tan máíkì fóònù fúnra rẹ̀, á ká ohùn àwọn tó wà nítòsí fún ìṣẹ́jú kan, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ó ń jí fáìlì pẹ̀lú. Iye ìgbà tí àwọn èèyàn ti gbé e sórí fóònù lé ní 50,000. Àwọn olùṣèwádìí ESET, iléeṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà àti fóònù, ló tú àṣírí rẹ̀, Google yọ ọ́ kúrò, ESET sì kéde ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Ẹni tó gba áàpù níbi tí wọ́n ní kó ti gbà á, tó ń jẹ́ kí ẹ̀dà tuntun máa wọlé bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, òun gan-an ni wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá. Àṣẹ máíkì tí áàpù náà béèrè kò tilẹ̀ lè mú un fura, torí áàpù tó ń ká ohun tó ń lọ lójú fóònù sílẹ̀ sábà máa ń béèrè máíkì.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní ọdún 2019, Kaspersky, iléeṣẹ́ irú ESET, rí kóòdù burúkú nínú CamScanner, áàpù tí wọ́n fi ń ya àwòrán ìwé, tí wọ́n ti gbé sórí fóònù ní ìgbà tó ju mílíọ̀nù 100 lọ. Barcode Scanner kan wà tí iye tirẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 10, ìparí ọdún 2020 ni ẹ̀dà tuntun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìpolówó fúnra rẹ̀. Kí àwọn tó ń lo iPhone má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Ní ọdún 2015, ayédèrú Xcode, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù Apple, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe áàpù, kóòdù burúkú sì gba ibẹ̀ wọ App Store. WeChat, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, wà lára àwọn tó kó o.

Fóònù tèmi náà lè jẹ́rìí. Áàpù tí mo fi ń wo máàpù, èyí tí mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀, èyí tí mo fi ń gbọ́ rédíò, F-Droid, ilé-ìtajà áàpù mìíràn tí kì í ṣe ti Google, ni mo ti gba gbogbo wọn, ọdún ti gorí ọdún tí mo ti ń lò wọ́n, kò sí ọ̀kan tó da fóònù mi láàmú rí. Èyí tó dà á láàmú, ilé-ìtajà tí gbogbo ayé fọkàn tán ni mo ti gbà á: áàpù tọ́ọ̀ṣì lásán, tó dédé ń ju ìpolówó sójú fóònù kódà nígbà tí mo bá ti pa á.

Ohun tó ń dáàbò bo fóònù wà nínú Android fúnra rẹ̀. Ààyè ọ̀tọ̀ ni áàpù kọ̀ọ̀kan ń gbé, kò lè ka ohun tó wà nínú òmíràn bí ẹ kò bá fún un láṣẹ. Gbogbo APK ló sì ní òǹtẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí olè bá yí ohun kékeré padà nínú fáìlì náà, òǹtẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, Android kò ní gbà á. Bó bá fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tẹ òmíràn, Android kò ní jẹ́ kó gorí ojúlówó tó ti wà lórí fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ fẹ́ gbé áàpù wọlé nìkan ló ku sí yín lọ́wọ́, ìdí sì nìyẹn tí Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan, fi kọ nọ́ńbà òǹtẹ̀ rẹ̀ sí ìkànnì tó ti ń fún èèyàn ní APK, kí ẹ lè fi wé tọwọ́ yín. F-Droid ní tirẹ̀ ti wà láti ọdún 2010. Áàpù tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba nìkan ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì sábà máa ń fúnra wọn fi kóòdù náà kọ́ áàpù. Ní Ṣáínà ńkọ́? Google Play kò sí níbẹ̀. Ilé-ìtajà Huawei, Xiaomi àti Tencent ni wọ́n ti ń gba áàpù.

Wọ́n á ní ṣebí fóònù fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ kí èèyàn tó fún Chrome tàbí áàpù mìíràn láṣẹ láti gbé APK wọlé. Ìkìlọ̀ yẹn kò yẹ fáìlì kankan wò, ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn.

Mo gbà pé àwọn olè fẹ́ràn láti máa fi APK ránṣẹ́ sí èèyàn. Google náà sọ ní ọdún 2025 pé kóòdù burúkú tó ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ju ti Play Store lọ ní ìlọ́po 50. Ṣùgbọ́n fáìlì tí àjèjì fi ránṣẹ́ síni àti èyí tó wà lórí ìkànnì ẹni tó ṣe áàpù gan-an ni wọ́n jọ kó sínú iye yẹn. Èwo ni tèmi níbẹ̀?

Ìkànnì ẹni tó ṣe áàpù ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ má gba WhatsApp tí àwọn kan tún kọ́. Láti Android 8 ni wọ́n ti ń fún áàpù kọ̀ọ̀kan láṣẹ ọ̀tọ̀ láti gbé APK wọlé, nítorí náà, bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ Chrome tàbí áàpù yòówù tí ẹ fi gbé e wọlé. Bí áàpù bá sì ní kí ẹ tan Accessibility, ìyẹn ètò tí wọ́n ṣe láti ran àwọn tó ní ìpèníjà ara lọ́wọ́, fún òun, ẹ mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe kí ẹ tó gbà. Áàpù tó bá ní àṣẹ yẹn lè ka ohun tó wà lójú fóònù, ó tún lè bá yín tẹ bọ́tìnì. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń jí owó báńkì sábà máa ń gbà wọlé, yálà inú Play Store ni áàpù náà ti wá tàbí ibòmíràn.