Àkàndá Ẹ̀dá Náà Lọ Ojúde Ọba

Tó bá ti di ọjọ́ kẹta Iléyá báyìí, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá rówó aṣọ ti wà n'Íjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba nìyẹn, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kóówá á wọ aṣọ tiẹ̀, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin, fọ́tò wa á wá máa káàkiri ayé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níbo wá ni àkàndá ẹ̀dá wà nínú fọ́tò yẹn? Èyí tá a sábà máa ń rí, ẹ̀gbẹ́ títì ló wà tó ń tọrọ owó.

Ẹ wo Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà. London ni wọ́n bí i sí ní 1962, Èkó ló dàgbà sí, kò tíì pé ogún ọdún tí àìsàn kan kọlu ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀, apá kan ara ẹ̀ rọ, kẹ̀kẹ́ arọ ló ń lò. Ankará tí gbogbo wa ń wọ̀ yìí ló fi ń ṣọnà o, òun ló gbé ọkọ̀ ojú omi inú ìgò síta ní Trafalgar Square ní 2010, ankará ni wọ́n fi ṣe ìgbòkun ẹ̀. Òun náà ló dẹ̀ kọ́ ilé fáwọn oníṣẹ́ ọnà sínú oko ní Ikiṣẹ, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí.

Òfin ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá tí Buhari buwọ́ lù ní January 2019 fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ó ti pé láti January 2024. Ẹ wo ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn wa, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, àtẹ̀gùn ṣáá ni.

Kì í dẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan. Aṣọ olónà wa yìí, ọnà tí wọ́n hun sára ẹ̀ máa ń yọ síta, afọ́jú tó bá fọwọ́ pa á á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyí, àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti pàtẹ ẹ̀, wọ́n á ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá jẹ́ ti Òṣùgbó, ìyẹn àwọn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn tó ni í, ẹ ní káwọn ahunṣọ hun òmíì táwọn èèyàn á máa fọwọ́ kàn.

Àwọn kan á ní owó dà. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń sọ̀rọ̀ àìsí owó lọ́jọ́ Ojúde Ọba?

Ohun tá a fẹ́ ò ju pé kí àwọn tó ń ṣètò Ojúde Ọba àti ìjọba Ògùn sọ ibi tí oníkẹ̀kẹ́ máa jókòó sí, níwájú o, kì í ṣe ẹ̀yìn kánópì, kí wọ́n wá ẹni tó máa fọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fáwọn adití, kí wọ́n dẹ̀ pe oníṣẹ́ ọnà tó jẹ́ àkàndá wá pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀, kí wọ́n sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń sanwó fún olórin. Kí wọ́n kéde ẹ̀ kí Iléyá tó dé, ká lè mọ ẹni tá a máa bi.