Níbo ni ìyókù ooru ń lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ní 1824, Sadi Carnot ará Faransé fi hàn pé ooru tí ẹ́ńjìnnì lè sọ di iṣẹ́ ní gbèdéke. Bí ibi tí ooru ti ń wọlé ṣe gbóná tó, àti bí ibi tó ń jáde sí ṣe tutù tó, ló ń pinnu rẹ̀. Ká ní oru omi tó ń yí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ń yí kí iná lè wá, jẹ́ 540°C, tí omi ọ̀sà tó ń tù ú jẹ́ 30°C: gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 63%. Àmọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí 40%. Níbo ni ìyókù ń lọ?

Bàbá_Ìbejì: Ọ̀dọ̀ Nẹ́pà.

Mọ́rẹ́nikẹ́: 😂😂 Bàbá Ìbejì, ẹ pa mí o!

Wọlé_Alátùn-únṣe: Irọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tún ṣe. Èyí tó bá ń mu epo jù, kábúrétọ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí. Ẹ fọ̀ ọ́, kò sí ohun tó máa ṣòfò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì: Ẹ̀gbọ́n Wọlé, sàláńsà tó ń jóni lọ́wọ́ yẹn ńkọ́? Owó epo ni ooru yẹn.

Déjì_Oníṣirò: 30 pín sí 540, yọ ọ́ kúrò nínú 1. 94% ni. Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?

Ìyá_Láàbù: Déjì, Kelvin ni wọ́n fi ń ṣe é, ìwọ̀n tí òdo rẹ̀ jẹ́ ibi tí nǹkan kò ti lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Fi 273 kún méjèèjì, ó di 303 lórí 813.

Déjì_Oníṣirò: Tẹmómítà ilé wa kò ní Kelvin, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ìyá_Láàbù: Tí omi yẹn bá wá jẹ́ 0°C ńkọ́? Ìṣirò tìẹ á di 100%. Tó bá jẹ́ −10°C, á kọjá 100%! Ṣé iṣẹ́ á wá pọ̀ ju ooru tó wọlé lọ ni?

Déjì_Oníṣirò: Ẹ má fi yìnyín dẹ́rù bà mí, mà. Èkó la wà.

Kọ́lá_Tọ́báìnì: Ẹ jẹ́ n dáhùn ọmọ yìí. Kì í ṣe 540°C ni gbogbo ooru ti ń wọlé. Omi tútù la kọ́kọ́ ń mú gbóná, ìyẹn nìkan ti fa gbèdéke yẹn wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá sì máa kan gbèdéke Carnot gan-an, ńṣe ló gbọ́dọ̀ máa lọ díẹ̀díẹ̀ débi pé kò ní mú iná kankan wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èéfín gbígbóná tó jáde lára tọ́báìnì gáàsì se omi fún tọ́báìnì kejì. Èyí tó dára jù nínú wọn ti kọjá 60%.

Wọlé_Alátùn-únṣe: KÁBÚRÉTỌ̀ NI O!!!

Alájé_Ẹ̀rọ: Jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo wà lọ́wọ́ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gba iná sí bátìrì rẹ̀.

Ìyá_Láàbù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á! Kò sí ẹ̀rọ tó ń fún ara rẹ̀ lágbára. Wọ́n fẹ́ gbowó yín ni.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Èló ni?

Déjì_Oníṣirò: Ìyá Láàbù, ẹ ò tíì fèsì. 94 ni.

Ìyá_Láàbù: Mo fèsì! 813, Déjì. 813!