Ẹ má bínú, Ọ́ńkù

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n pọ èyí jáde kó tó dẹ́gbò sí mi nínú.

Ìpàdé PTA la lọ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá níbí ní Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogi. A ti sọ̀rọ̀ owó bẹ́ǹṣì, a ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó já, kálukú ti ń wá bó ṣe máa lọ sílé. Ni bàbá kan tó wọ kóòtù bá dìde. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó wà ní JSS báyìí ò mọ̀wé kà, wọn ò mọ ìṣirò, àti pé àwọn mọ ẹni tó fà á: àwa òbí ni. Pé nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà, bí oṣù mẹ́fà la fi jókòó ti ọmọ nílé, a ò kọ́ wọn ní ohunkóhun. "Kí lẹ̀ ń ṣe nílé nígbà náà?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Kí là ń ṣe nílé. Ó dáa.

Olùkọ́ ni mí nígbà yẹn, nílé ìwé aládàáni kékeré kan. (POS ni mò ń ṣe báyìí, ẹ ò ní bi mí ìdí ẹ̀.) Oṣù kẹta ọdún 2020 ni àṣẹ dé láti Àbújá pé kí gbogbo ilé ìwé tì. Owó oṣù tá a gbà kí ilé ìwé tó tì, òun ló kẹ́yìn. Ọ̀gá wa ò bá wa purọ́: òbí ò san, owó ò sí. Síbẹ̀ wọ́n ní ká máa fi ohùn ránṣẹ́ sáwọn òbí lórí WhatsApp kí ọmọ má bàa gbàgbé ìwé. Dátà tiwa ni o. Ìyàwó mi ń ránṣọ, kò sáṣọ láti rán. Ta ló ń ṣòkú? Ta ló ń ṣègbéyàwó tó fẹ́ dá aṣọ ẹbí? Ó bá kó àgékù ànkárá jọ, ó fi rán ìbòmú bí ọgọ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fẹ́ kó rà á ní Kogi? Ní 27 May 2020 ni NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjàkálẹ̀ àrùn, ka èèyàn méjì àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà sí wa lọ́rùn, ìjọba ìpínlẹ̀ ní irọ́ ni, kò sóhun tó jọ ọ́. Iye tiwa lórí ìwé NCDC wá dúró sórí 5, kò kúrò níbẹ̀, títí ó fi di ẹ̀fẹ̀. Ìbòmú ọjọ́ náà, ìyàwó mi ṣì ń fi wọ́n nu òróró máṣíìnì títí dòní.

Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn. Àwọn ará Èkó, ó kéré tán, wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rù. Àwa, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe wá. Ilé ìwé tì, àwọn tó ń wá ra kajú lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ò lè wọlé, owó oṣù dúró, ọmọ méjì ń ta kiti láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú yàrá kan àti pálọ̀ kan, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ́. Àìsàn tí kò sí ló ti gbogbo ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì: 42, ká yọ 17. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, kọ 35. Mo pa á rẹ́. Mo ní 2 ò tó nǹkan tí wàá yọ 7 lára ẹ̀, lọ yá lọ́wọ́ 4. Ó mi orí. Ó kọ 35. Mo pa á rẹ́, mo kó ẹ̀wà tútù jáde, a kà á nílẹ̀. Ó kọ 35. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mi ò lè sọ fún yín pé mo pinnu ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ mi ló lọ. Ìka mẹ́rin ló hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, funfun báláú, nítorí ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi. Kò sunkún. Ó dìde dúró, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má bínú, Ọ́ńkù."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọ́ńkù lọmọ ń pe olùkọ́ ọkùnrin nílé ìwé aládàáni. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni lòun náà ń lọ, èmi fúnra mi ni mo sì kìlọ̀ fún un pé tó bá ti wọ géètì, kò gbọdọ̀ pè mí ní Dádì. Nínú kíṣìnì ìyá ẹ̀, kò mọ èyí tí mo jẹ́ mọ́.

Mo jáde lọ jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Mi ò sunkún o. Tirela sìmẹ́ńtì tó ń ti Ọbajana bọ̀ ni mò ń kà, tí mo bá kà á dé márùn-ún tàbí mẹ́fà, màá gbàgbé, màá tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí ọmọ bá ti sáré kọjá nínú ilé, àyà mi á já. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Aago méjì òru lojú mi ń là, ó di kí àkùkọ kọ. Ìyá onílé wa ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní, "Ìrònú ni. Múra, ká lọ sóko." Mo tẹ̀lé wọn lọ roko iṣu, mi ò sì ní purọ́, ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀.

Àbí ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún? Kí o sáà ti ní ọpọlọ ẹ ò balẹ̀, Àró ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, Abẹ́òkúta sì jìn sí Kàbà. Òfin tí ìjọba fi ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí gan-an lásìkò yẹn, ti 1958 ni, òfin wèrè ni wọ́n sì ń pè é. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu òmíràn. Nítorí náà, bóyá kí o máa sọ pé "a dúpẹ́", bóyá kí wọ́n ní o ti ya wèrè.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá sọ pé àwọn ìyá wa tọ́ ọmọ mẹ́wàá láìpariwo. Àwọn ìyá wa ní agboolé. Ọmọ á jẹun nílé yìí, á sùn nílé kejì. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Gbogbo eléyìí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá oníkóòtù. Mo ti na ọwọ́ sókè pàápàá. Ni mo bá rí ìyá kan níwájú mi, bẹ́ǹṣì kejì.

Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi ní 2020, Primary 3. Èkó lọkọ rẹ̀ wà, wọn ò tíì ṣí ọ̀nà ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, July 1 ni wọ́n tó ṣí i. Lóru ọjọ́ kan, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo gbá ọmọ tèmi létí, obìnrin yìí fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́. Mi ò lè ṣe é mọ́. Díẹ̀ ló kù kí n ṣe ọmọ yìí léṣe lónìí." Ojú mi là kalẹ̀, ẹ ti mọ ìdí. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá tẹ̀ ẹ́ sí i pé: "Mummy, ẹ gbìyànjú. Iṣẹ́ òbí ni, olùkọ́ ò lè bá yín ṣe é." Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fi ìṣirò ọjọ́ yẹn ránṣẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, bí bàbá yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀, ńṣe ni obìnrin yìí ń ká ìwé owó bẹ́ǹṣì ọwọ́ rẹ̀ sí kékeré, sí kékeré, títí tí kò fi ká mọ́. Mo rọra gbé ọwọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tá a ń jáde, ó ní "Ọ̀kún o, Ọ́ńkù." Mo ní "Ọ̀kún." Ó kọjá.

Mi ò mọ̀ bóyá ó rántí. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ nǹkan sí i, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo pa á rẹ́.