“Ẹ Pa Wọ́n Tì, Wọ́n Á Gbọ́n”: Irọ́ Tó Ń Jẹ Wá Lówó

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kò ní gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí gbogbo wa pa ilé-iṣẹ́ kan tì. Fáànù wọn kò lo oṣù mẹ́ta tó fi dákẹ́. Báǹkì wọn fa owó, wọn ò dá a padà. Ẹni tó gbé fóònù ní customer care bú oníbàárà. Èsì tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yí padà: “Ẹ má ra ọjà wọn mọ́. Bí ebi bá pa wọ́n, wọ́n á gbọ́n.” Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ìbínú kúrò nídìí ọjà láìsọ nǹkan kan, láìkọ nǹkan kan, ti fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, ó sì tún bá a gbá ojú ọ̀nà mọ́ kó tó lọ.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń fà yọ ni ti ọdún 2003. Ní ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa fóònù wọn nítorí owó ìpè tó ga. Láti ọdún 2001 tí GSM ti dé, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó: bí o bá sọ “ẹ kú iṣẹ́ o” tí ìlà já, owó odindi ìṣẹ́jú kan ti lọ. Títí di òní ni àwọn kan ń sọ pé pípa tí a pa fóònù lọ́jọ́ yẹn ló mú kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó. Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 29 Oṣù Kẹjọ ni Glo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n sì gbé dé. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gééré nìyẹn ṣáájú ọjọ́ tí a pa fóònù. Lẹ́yìn tí oníbàárà ti rí ibòmíràn lọ ni àwọn tó wà nílẹ̀ tẹ̀ lé e.

Káàdì ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi pè nígbà náà. Ẹni tó ti ra káàdì ti sanwó tán kó tó tẹ fóònù pa. Ìpè tí kò pè lọ́jọ́ Ẹtì, ó pè é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó tilẹ̀ lè pẹ́ lórí rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ti kó jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń ní ká má ra epo bẹntiróòlù lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ọkọ̀ tí kò ra epo lónìí yóò ra ìlọ́po rẹ̀ lọ́la. A kàn ń sún owó náà síwájú ni.

Bó bá sì jẹ́ pé ó ju ọjọ́ kan lọ ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀? Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í tajà fún yín lọ́wọ́ sí ọwọ́. Alágbàtà ló ń kó o, òun ló ń tà á fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ló ń tà á fún yín. Bí ọgọ́rùn-ún ìdílé ní Mọ́níyà bá fi wàrà kan sílẹ̀, ohun tí ọ̀gá tó wà ní Èkó yóò rí ni pé alágbàtà Ìbàdàn dín páálí kù lóṣù yìí. Yóò ní owó ló wọ́n nílùú. Ó tilẹ̀ lè dín wàrà inú sachet kù kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, kí ọjà tẹ́ ẹ sá fún nítorí pé kò dára wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí i pé wàrà náà ń dì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ tún wo ibi tẹ́ ẹ sá lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà, FrieslandCampina WAMCO, ló ni Peak àti Three Crowns. Nigerian Breweries ló ni Maltina, òun náà ló ni Amstel Malta. Ẹni tó bínú fi ọ̀kan sílẹ̀ tó lọ gbé èkejì, inú àpò kan náà ló ṣì ń sọ owó sí. Ẹ yí ìgò tàbí agolo náà, ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ̀.

Ti iná mànàmáná kò tiẹ̀ ṣe é sọ. Ilé-iṣẹ́ apínná kan ṣoṣo ló wà fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá pa wọ́n tì, inú òkùnkùn lẹ máa wà.

Irọ́ kejì ló jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀: pé ọjà tí a bá ti rà kò ṣe é dá padà mọ́. Wọ́n á fi òǹtẹ̀ pupa tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rísíìtì, wọ́n á tún kọ ọ́ sára ògiri: “No refund after payment.” Ọ̀pọ̀ oníbàárà rò pé òfin nìyẹn. Kì í ṣe òfin, yíǹkì lásán ni. Òfin gan-an ni FCCPA ti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, tó sì dá FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà. Abala 122 rẹ̀ sọ pé oníbàárà lè dá ọjà padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Èkíní: bó bá ti sọ fún ẹni tó tà á pé iṣẹ́ báyìí ni òun fẹ́ fi ọjà náà ṣe, tí ọjà náà kò sì lè ṣe é. Èkejì: bí kò bá láǹfààní láti yẹ ọjà náà wò kí wọ́n tó gbé e dé, tí èyí tó dé kò sì bá àpèjúwe mu. Ẹ̀tọ́ dídá ọjà tó ní àbùkù tàbí tó léwu padà tún wà lọ́tọ̀. Abala 115 ní iye tí wọ́n kọ sára ọjà ni ẹ máa san, kì í ṣe iye tí wọ́n sọ nídìí káńtà. Abala 130 wà fún iṣẹ́ ọwọ́: ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tí kò dára gbọ́dọ̀ tún un ṣe tàbí kó dá lára owó padà.

Kò túmọ̀ sí pé ẹ lè ra bàtà lónìí, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kẹ́ ẹ wá dá a padà lọ́la torí pé ọkọ ní àwọ̀ rẹ̀ kò wu òun. Òfin kò gba ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kàn yí padà.

Ọ̀rọ̀ “sọ fún ẹni tó tà á” yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń kú. Ẹ jẹ́ ká fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ èyí tó lè gbé fíríísà àti fáànù méjì. Wọ́n na ọwọ́ sí nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára ẹ̀rọ náà, bóyá 950. Nọ́ńbà yẹn lè jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ lásán, tàbí agbára tó lè gbé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í ṣe èyí tó lè gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí tó lè gbé pẹ́ máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀, ara irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Fíríísà tó sì ń jẹ wáàtì 200 bó bá ń ṣiṣẹ́ lè fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ gbéra. Ẹ̀rọ náà á kérora, iná á rẹlẹ̀, lọ́jọ́ kẹta wáyà inú rẹ̀ á jó. Bí oníbàárà bá gbé e padà, wọ́n á ní: “Ẹ ti lò ó ju agbára rẹ̀ lọ.” Ọ̀rọ̀ ẹnu sí ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa borí.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ìlà kan sí rísíìtì: “Fún fíríísà 1 àti fáànù 2.” Kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀, owó yín sì ṣì wà lápò. Kí rísíìtì náà ní orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́, orúkọ ẹ̀rọ, serial number àti iye owó. Bó bá jẹ́ transfer, ẹ fi í sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ti ọmọ ìyá ẹni tó ń tajà.

Ọjà tí wọ́n gbé wá sílé, ẹ tan fídíò kẹ́ ẹ tó fa síìlì páálí rẹ̀ ya, ẹ má sì pa á títí ẹ̀rọ náà fi tàn. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ *#06#, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó jáde wé ti ara páálí lójú fídíò kan náà. Òfin kò dárúkọ ọjọ́. “Àsìkò tó bójú mu” ló sọ. Ẹni tó fẹ̀sùn sùn láàárín wákàtí 24 kò ní wàhálà, àmọ́ ẹni tó dúró di oṣù tó ń bọ̀ á ṣàlàyé títí.

Lẹ́tà ẹ̀sùn tó ń ṣiṣẹ́ kì í kọjá ìlà mẹ́wàá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á àti nọ́ńbà rísíìtì. Orúkọ ẹ̀rọ àti serial number. Àbùkù náà ní gbólóhùn kan: “Bátìrì fáànù yìí ń gbé ìṣẹ́jú 40, wákàtí 6 ni ẹ kọ sára páálí.” Lẹ́yìn náà, ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́, pẹ̀lú iye rẹ̀: owó padà, tàbí òmíràn, tàbí àtúnṣe. Ẹni tó bá béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, àtúnṣe ni wọ́n máa fún un, torí òun ló dín owó kù jù. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ méje, kẹ́ ẹ kọ déètì ọjọ́ keje náà sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí contact@fccpc.gov.ng lójú wọn. Èébú kankan kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ìlà tí èébú bá wà ni wọ́n máa kà, ìyẹn náà ni wọ́n sì máa fèsì sí.

Ohun tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù ni oníṣẹ́ iná àdúgbò. Bó bá ti lè tú ẹ̀rọ náà wò, síìlì ti já, wọ́ráńtì ti lọ, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ba nǹkan jẹ́ mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni dída páálí nù. Fún oúnjẹ àti oògùn, ẹ pa ọ̀rá rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà NAFDAC, batch number àti déètì wà lára rẹ̀, láìsí wọn àjọ náà kò lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Bí ọjọ́ keje bá kọjá, abala 146 òfin FCCPA gbà yín láyè láti lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso irú òwò náà, tàbí FCCPC, tàbí ilé ẹjọ́. Ti báǹkì ní wákàtí tirẹ̀ láti ìgbà tí CBN, báǹkì àpapọ̀, ti gbé ìlànà jáde ní Oṣù Kẹfà 2020: bí ATM báǹkì yín bá yọ owó lórí àkáǹtì tí kò pọ̀ ọ́ jáde, lójú ẹsẹ̀ ló yẹ kó padà, bó bá kọ̀, báǹkì ní wákàtí 24, bó bá jẹ́ ATM báǹkì mìíràn, 48, bó bá jẹ́ POS tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì, 72. Ẹ kọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ti fóònù, ẹ kọ́kọ́ bá nẹ́tíwọ̀kì, kẹ́ ẹ tó pe NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, lórí 622. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kúrò lóòótọ́, ẹ mú nọ́ńbà yín dání: láti ọdún 2013 ni ẹ ti lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì tuntun, kẹ́ ẹ fi PORT ránṣẹ́ sí 3232. Ẹni tó kàn ra síìmù kejì, tó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún OTP báǹkì, kò tíì kúrò rárá. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré wà láti ọdún 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì là sílẹ̀ láti parí rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ fi béèrè owó yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ta ló pa WhatsApp tì ní Nàìjíríà? Kò sẹ́nì kankan. Síbẹ̀, ní Oṣù Keje 2024, FCCPC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta tó ni WhatsApp lórí lẹ́yìn ìwádìí tó lé ní ọdún mẹ́ta, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i ní Oṣù Kẹrin 2025.

A kò sọ pé ìpatì kì í ṣiṣẹ́ láé. Bó bá máa ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan pàtó tí a ń béèrè, àti ẹni tó lè jókòó sídìí tábìlì láti dúnàádúrà. Ọ̀kan tó ní gbogbo rẹ̀ ni ti Accra ní ọdún 1948, tí olóyè kan, Nii Kwabena Bonne, ṣáájú. Láti Oṣù Kìíní ni àwọn èèyàn ti kọ̀ láti ra ọjà àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Láàárín oṣù kan péré ni àwọn oníṣòwò náà gbà láti dín èrè tí wọ́n ń lé lórí ọjà kù láti ìdá 75 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 28 Oṣù Kejì, àwọn èèyàn ya wọ ṣọ́ọ̀bù pé ọjà ti wálẹ̀, owó tí wọ́n rí kò sì jọ ti ohun tí wọ́n ń retí. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: aṣọ tí wọ́n rà ní 100, tí wọ́n ń tà ní 175, di 150. Ìdá 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló fi wálẹ̀, nígbà tí ẹni tó gbọ́ 75 àti 50 lè ti máa retí 25. Ọjọ́ yẹn náà ni ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn sójà àtijọ́ tó ń wọ́de, ìlú sì dàrú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pe ìpatì, èrè kọ́ lẹ máa kọ sínú ìwé àdéhùn. Ẹ kọ orúkọ ọjà, ìwọ̀n rẹ̀, iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa tà á, àti déètì.