Ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru ará ìlú
Mo ka ìròyìn kan tí ẹni tó kọ ọ́ ní àìmọ̀kan ará ìlú ló jẹ́ ká máa fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí àrùn Ẹ̀bólà má bàa mú wa ní 2014. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Òṣogbo ńbí ni mo wà. Ìdájí ni ìyá ọkọ mi gbá ilẹ̀kùn wa pé ká dìde, ká bu iyọ̀ sómi wẹ̀, ká sì mu díẹ̀. Mo mu ún o, tèmi toyún! Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí rédíò tí à ń gbọ́ ti ń ka iye òkú sí wa létí láàárọ̀ lálẹ́, wọn ò là á yé wa pé ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn ló ń kó o ranni. Ẹ̀rù ni wọ́n tà fún wa, iyọ̀ la rí rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kíjọba fòfin de irú ìròyìn adẹ́rùbani bẹ́ẹ̀, mi ò bá yín débẹ̀. Kí ìròyìn mọ ohun tó yẹ kó fi ṣáájú ni tèmi. Ẹni 20 ló kó Ẹ̀bólà ní Nàìjíríà, 8 kú. Iye ọmọdé tí ibà ẹ̀fọn ń pa lọ́dọọdún ju ìyẹn lọ fíìfíì, ta ló ń fi í ṣáájú ìròyìn?